Bí Mo Ṣe Dín Epo Tí 4Runner Àtijọ́ Mi Ń Mu Kù

Nígbà tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kò sí mọ́, n kò tíì ka iye lítà tó ń wọ inú ọkọ̀ mi rí. "Ẹ bá mi rọ ọ́ kún" ni mo máa ń wí ní ilé epo, màá san owó, màá sì máa bá tèmi lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, epo tí a ń rà ní owó tí kò tó ₦200 fún lítà kan ti di nǹkan bí ₦500, nígbà tí yóò sì fi di ìparí ọdún 2024, nǹkan bí ₦1,000 ni a ń rà á kiri Ìbàdàn. Ìgbà yẹn ni mo wá jókòó ti ọkọ̀ náà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí epo náà ń gbà lọ.

Toyota 4Runner ọdún 1999 ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí mo rà ní ọdún 2014. Ẹ́ńjìnnì V6 (oní-sìlíńdà mẹ́fà) onílítà 3.4 ló wà nínú rẹ̀, jíà rẹ̀ jẹ́ ọtọmátíìkì, táǹkì rẹ̀ sì ń gba lítà 70. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n tà á, kí n fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ kékeré, ìmọ̀ràn náà kò sì burú fún ẹni tí kì í kúrò lórí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo mi wà lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, ilẹ̀ amọ̀ pupa sì ni kìlómítà méje tó gbẹ̀yìn lọ́nà ibẹ̀. Láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ méjì péré ń fà yóò rì síbẹ̀ dé ikùn ni. Nítorí náà, kí n tà á kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà fún mi.

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé jíìpù ni, kò sí bí kò ṣe ní mu epo. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tó ga, tí iwájú rẹ̀ fẹ̀, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, kò lè jẹun bíi Corolla láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, mo rí i pé ohun tó ń mu ju ohun tí wọ́n dá mọ́ ọn lọ, àti pé ọwọ́ àwa tí à ń lò ó àti ọwọ́ àwọn tí à ń gbé e fún ni àlékún náà ti wá.

Wíwọ̀n ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí pé kó má ra ohunkóhun kó tó wọ̀n. Mo lọ sí ilé epo, mo ní kí wọ́n rọ ọ́ títí ẹnu pọ́ǹpù yóò fi pa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má fi kún un mọ́, mo sì kọ iye máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, mo padà sí ilé epo kan náà, ìdí pọ́ǹpù kan náà, mo dúró sí ojú ibi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀, nítorí pé bí ilẹ̀ bá dagun, pọ́ǹpù lè pa ara rẹ̀ kí táǹkì tó kún. Mo tún ní kí wọ́n rọ ọ́ kún. Iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì yìí ni ọkọ̀ ti lò. Nítorí pé Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà ti wá, máìlì ló ń kà. Mo fi 1.609 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di kìlómítà, mo wá fi iye lítà pín in.

Ilé epo tí ènìyàn yóò fi ṣe ìwọ̀n yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí mítà rẹ̀ ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ibi kan wà tí mo ti ń rà á fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ wọ̀n ọ́n, ìdá kan nínú mẹ́rin epo ṣì wà nínú táǹkì nígbà tí mo dé ibẹ̀, síbẹ̀ mítà wọn sọ pé lítà 64 ló wọlé. Táǹkì tó ń gba 70, tí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sì wà nílẹ̀, kò lè gbà ju bí 53 lọ. Inú mi bàjẹ́ gidigidi nígbà tí mo ronú kan iye ìgbà tí mo ti rà á níbẹ̀. N kò padà síbẹ̀ mọ́. Níbi tuntun tí mo lọ, mo kọ́kọ́ rà á sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pé, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwọ̀n wọn gbọ́.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí mo kọ sílẹ̀ nìyí: máìlì 186, lítà 57. Kìlómítà 299 nìyẹn, tí í ṣe kìlómítà 5.2 fún lítà kan.

Ohun tí kò ná mi ju owó fọganáísà lọ ni mo fọwọ́ kàn ṣáájú. Bébà kékeré kan wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ tí wọ́n kọ iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó wà nínú táyà sí. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò tó, èyí tó wà lẹ́yìn lápá òsì sì fi psi (ohun tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) mẹ́sàn-án dín. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé bí gbogbo táyà bá fi psi kan péré dín, ọkọ̀ ń pàdánù nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà tí epo rẹ̀ lè gbé e rìn. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọ́n. Ẹni tó bá sì ti pààrọ̀ táyà sí èyí tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sínú ìṣirò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan yọ táyà 265/70R16 kúrò lẹ́sẹ̀ tirẹ̀, ó wọ 285/75R16 sí i kí ọkọ̀ lè ga, láti ìgbà náà ló sì ti ń ráhùn pé epo ọkọ̀ òun ti burú sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Táyà yẹn fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mítà rẹ̀ bá ka máìlì 100, ó ti rin 107. Apá kan nínú ohun tó ń ráhùn lé lórí kò ṣẹlẹ̀ rárá, apá kejì sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nítorí ìwúwo táyà náà.

Bíréèkì ló tẹ̀ lé e. Mò ń bọ̀ láti oko lọ́jọ́ kan, mo yà sẹ́bàá ọ̀nà ní Mọ́níyà, mo rọra na àtẹ́lẹwọ́ mi sún mọ́ irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láì fara kàn án. Mẹ́ta lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ti iwájú lápá ọ̀tún, ooru tó ń jáde níbẹ̀ lé ọwọ́ mi padà kí ó tó dé ibẹ̀. Mo bu omi díẹ̀ wọ́n ọn, ó sì hó pìì bí ìgbà tí omi bá kán sínú agbada. Bíréèkì náà kò tú sílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ pisitín mẹ́rin ló wà nínú kálípà (irin tó ń fún bíréèkì pọ̀) iwájú ọkọ̀ yìí, ìpẹta sì ti so méjì nínú wọn mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń fà, bíréèkì ń dì í mú, epo mi sì ń jó lọ láàárín àwọn méjèèjì. A tú u, a fi pépà yínrín fọ ọ́, a pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Ìwọ̀n tí mo ṣe lẹ́yìn èyí fún mi ní kìlómítà 5.7 fún lítà kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá jinlẹ̀ jù lọ ni thermostat. Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń rí i pé géèjì ooru ọkọ̀ mi kì í dúró sójú kan. Lójú ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, tí ó tẹ́jú dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á wálẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tútù. Bí mo bá dé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, á gòkè wá sí àárín. Mo rò pé àmì ìlera ni, pé ẹ́ńjìnnì mi kì í gbóná. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó bá ti dúró, ìbáà jẹ́ lójú ọ̀nà gbọọrọ tàbí láàárín ìgboro.

Thermostat jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti radíétọ̀. Bí omi bá tutù, ó máa ń tì, kí omi inú ẹ́ńjìnnì má bàa lọ sí radíétọ̀ kó sì lè tètè gbóná. Nínú ẹ́ńjìnnì tèmi yìí, nígbà tí omi bá dé bíi 82°C ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Nígbà tí mẹkáníìkì tí mo ń lò báyìí tú ibẹ̀, ó pè mí pé kí n wá wò ó. Kò sí ohun kankan níbẹ̀. Rọ́bà róńdò kan ṣoṣo, àti ẹfun omi tó ti dì mọ́ ara irin yíká, ni ó kù nínú ihò náà.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yọ ọ́," ó wí. "Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé wá síbí ni wọ́n ti yọ tiwọn."

Mo pe ẹni tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀ lórí fóònù. Kò jiyàn rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ gbígbóná la wà yìí, àwọn òyìnbó tó wà nínú yìnyín ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, ọkọ̀ á máa gbóná." Inú ire ló fi yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Bí oòrùn Ìbàdàn bá mú gan-an, kì í sábà ju bíi 36°C lọ, ẹ́ńjìnnì sì fẹ́ kí omi òun ju 80 lọ kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Lójú ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀ wa tí à ń pè ní gbígbóná ṣì tutù ju ohun tó ń fẹ́ lọ ní ọ̀nà jíjìn. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá wà láyé ni thermostat ti níṣẹ́ láti ṣe.

Ohun tí àìsí rẹ̀ ń dá sílẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ń wo bí omi ṣe gbóná tó kí ó tó pinnu iye epo tí yóò tú sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá rí i pé omi ṣì tutù, ó máa ń fi epo kún un, nítorí pé epo kì í tètè di oru nínú ẹ́ńjìnnì tútù. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ní òwúrọ̀ ló yẹ kí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe é láti ilé dé oko, nítorí pé atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí radíétọ̀ lójú ọ̀nà kò jẹ́ kí omi náà gbóná dé ojú ibi tó yẹ. Epo tí kò jóná tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri inú ẹ́ńjìnnì, èyí sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Kò tán síbẹ̀: nínú ẹ́ńjìnnì Toyota irú èyí, thermostat kan náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi lè gbà láì dé radíétọ̀. Bí ènìyàn bá yọ ọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn á wà ní ṣíṣí gbayawu, apá kan nínú omi kò sì ní tutù rárá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ohun tí wọ́n yọ nítorí kí ọkọ̀ má bàa gbóná lè wá di ohun tí yóò mú un gbóná.

Mo ra méjì láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a tó fi èyíkéyìí sí i, mo yá tẹmómítà lọ́wọ́ olùkọ́ kẹ́mísírì kan ládùúgbò wa, mo gbé ìkòkò omi kaná, mo fi okùn so àwọn méjèèjì rọ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n má fara kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìyàwó mi ló ń bá mi ka tẹmómítà. Ọ̀kan ti la ẹnu sílẹ̀ kí omi tó dé 70. Èkejì dúró pinpin. Nígbà tí omi dé 82, etí rẹ̀ kan rọra gbéra, ìlà òkùnkùn tín-ín-rín yọ yípo rẹ̀, nígbà tí omi sì fi dé 95, ó ti ṣí tán pátápátá. Èyí èkejì ni a lò. Irin kékeré kan wà létí rẹ̀ tó ń mì jẹgẹjẹgẹ bí ènìyàn bá gbọn thermostat náà. Òkè ni a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí, kí afẹ́fẹ́ lè máa ráyè jáde nígbà tí a bá ń rọ omi sínú ẹ́ńjìnnì.

N kò fi í sínú omi ìdọ̀tí. A fọ radíétọ̀ láti inú dé òde, mo sì ní kí wọ́n rọ kúláǹtì sí i dípò omi ẹ̀rọ. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé bí radíétọ̀ bá ti dí, tàbí tí fáànù kò fẹ́ tó, thermostat yóò tú àṣírí rẹ̀, wọn yóò sì tún ní òun ló fà á. Láti ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ géèjì mi ń dúró díẹ̀ nísàlẹ̀ àárín, kì í lọ, kì í bọ̀. Ìwọ̀n mi di 6.5. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣe bẹbẹ tó o, bẹ́ẹ̀ sì ni kò wọ́n rárá.

Lẹ́yìn èyí, mo ra ẹ̀rọ ìwádìí kékeré tí à ń kì sábẹ́ sítíárì, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Gbogbo ọkọ̀ kékeré àti jíìpù tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò rẹ̀. Oxygen sensor ni mo fẹ́ fi í wò. Èyí ni ó ń tọ́ èéfín wò nínú sàlẹ́ńsà, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, iná rẹ̀ yẹ kí ó máa lọ, kí ó máa bọ̀ láàárín nǹkan bí 0.1 sí 0.9 fóòltì (volt), ní kíákíá. Tèmi ń wọ́lẹ̀ bí arúgbó ìjàpá, ìsàlẹ̀ ló sì ń pẹ́ sí jù. Ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà sì gbà á gbọ́, ó ń rọ epo sí i. A tẹ́tí sí sàlẹ́ńsà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù láàárọ̀, a gbọ́ tẹ́-tẹ́-tẹ́ níbi oríkèé rẹ̀ tó ṣáájú sẹ́ńsọ̀. Ó ń jò níbẹ̀, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ òde wọlé, èyí tó lè tan sẹ́ńsọ̀ jẹ. A kọ́kọ́ dí i, ó sàn díẹ̀. A wá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ sí tuntun. Mo gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n má ra tòkunbọ̀ sẹ́ńsọ̀, nítorí pé èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún lára ọkọ̀ ẹlòmíràn ti gbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìjọba Amẹ́ríkà kan náà sọ pé títún sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́ pátápátá ṣe lè mú kí ìrìn epo sàn tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Tèmi kò bàjẹ́ dé ibẹ̀.

Nígbà kan náà ni a yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń tanná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Àlàfo 1.1 mílímítà ló yẹ kí ó wà lẹ́nu wọn. Ti méjì ti jẹ dé 1.5. Mo ra òmíràn ní Gate, ní Ìbàdàn, mo sì fi ohun ìwọ̀n wọn àlàfo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó. Ìwọ̀n di 7.1.

Àwọn nǹkan tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ́ìlì 20W-50 tó nípọn ni wọ́n ti ń rọ sí ẹ́ńjìnnì mi láti ọjọ́ yìí wá, bẹ́ẹ̀ 5W-30 ni ilé iṣẹ́ ní kí a lò. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì mi kò jò, kò sì jẹ ọ́ìlì, mo padà sí ti ilé iṣẹ́. Mo kó ẹrù tí kò níṣẹ́ kúrò nínú búùtù àti lórí òrùlé. Ti asẹ́ afẹ́fẹ́ yà mí lẹ́nu, nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ. Ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà dán an wò ní ọdún 2009, wọ́n sì rí i pé nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, asẹ́ tó dọ̀tí ń dín agbára ìsáré kù ni, kò fi bẹ́ẹ̀ kan ìrìn epo. Mo ṣì ń pààrọ̀ tèmi nítorí eruku ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n n kò retí pé kí ó dín owó epo kù.

Ẹsẹ̀ awakọ̀ ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bọ́tìnnì kan wà lára ọ̀pá jíà; bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, O/D OFF yóò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, jíà kẹrin kò sì ní wọlé mọ́. Mo ti wọ ọkọ̀ púpọ̀ tí iná yìí ń tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò dé òpin rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké, tí ẹni tó ń wà á kò sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí ó kú. Bákan náà ni ọ̀pá jíà kékeré tó ń mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà. Àbúrò mi kan wa ọkọ̀ náà bọ̀ láti oko ní àsìkò òjò, ó sì gbàgbé láti dá a padà títí ó fi wọ Ìbàdàn. Nínú ọkọ̀ irú èyí, a ti so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ní dandan. Bí ó bá ń yí kọ́nà lórí ọ̀dà, iwájú àti ẹ̀yìn ń fẹ́ rin ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, wọn kò sì rí àyè, wọ́n á máa ha táyà mọ́lẹ̀. Inú ẹrẹ̀ nìkan ni mo ń lò ó báyìí. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, mo kúrò ní kìlómítà 110 láàárín wákàtí kan, mo ń rìn ní bí 85, ìrìn àjò mi kò sì fi ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gùn sí i.

Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tí à ń kì síbi ìtanná sìgá lọ̀ mí, wọ́n ti fi mágínẹ́ẹ̀tì tí à ń so mọ́ okùn epo lọ̀ mí. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ààbò àyíká, dán ohun tó lé ní 100 irú wọn wò, ìwọ̀nba díẹ̀ péré ló ní àǹfààní kankan, àǹfààní náà sì kéré. Àwọn kan tún ní kí n yọ V6, kí n fi ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin sí i. Nínú ọkọ̀ tó wúwo báyìí, ẹ́ńjìnnì kékeré yóò máa làágùn lójoojúmọ́, owó ìyípadà náà sì tó ra epo ọ̀pọ̀ oṣù.

Nǹkan bí kìlómítà 1,200 ni mò ń rìn lóṣù. Ní 5.2, lítà 231 ni mò ń lò, ní 7.1, ó di 169. Lítà 62 ló dín kù lóṣù kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti Ṣángo dé oko àti padà, máìlì 118 ni mo rìn, lítà 25.8 ló wọlé, èyí tó jẹ́ 7.4. Bíréèkì ẹ̀yìn lápá òsì tún ń gbóná díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ nígbà tí mo na ọwọ́ sí i ní Mọ́níyà, nítorí náà ní ọjọ́ Sátidé yìí ni a ó ṣí i.